Ṣé ọ̀dà ni ohun tó ń dán lára abọ́ tíì Vietnam?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti ka àbá tí ẹnìkan nínú wa mú wá pé kí a máa pe ohun tó ń dán lára àwo amọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Vietnam ní «ọ̀dà dídán». Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọn. Abọ́ tíì irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Chu Đậu, ní agbègbè Hải Dương, ní ọ̀rúndún 15, ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Kí amọ̀kòkò tó fi ohun dídán náà bo abọ́, ó ti kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ya òdòdó aláwọ̀ aró sí i lára. Èyí tó yà yìí la lè pè ní ọ̀dà. Èyí tó bò ó mọ́lẹ̀, eérú àti amọ̀ tí a pò mọ́ omi ni, inú ààrò ló sì ti ń yọ́ di dígí. Bí a bá pe méjèèjì ní ọ̀dà, báwo la ó ṣe sọ pé ọ̀kan wà lábẹ́ èkejì? Láàárín 1997 sí 1999, wọ́n kó àwo tó lé ní 200,000 jáde nínú ọkọ̀ tó rì sí ìtòsí Hội An. Òdòdó ara ọ̀pọ̀ wọn kò ṣí, nítorí dígí ló bò ó.

Ẹ tún wo inú irú abọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí òrùka kan tí kò dán ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ nu ohun dídán náà kúrò níbẹ̀ ni, torí pé wọ́n ń to abọ́ léra wọn kí wọ́n tó sun wọ́n, bí dígí tó yọ́ bá sì lẹ ìdí tòkè mọ́ inú tìsàlẹ̀, ó di kí a fọ́ ọ̀kan kí a tó yà wọ́n.

Nítorí náà, «awọ dígí» ni àbá tèmi. «Èèpo dígí» kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí èèpo ṣeé bó. Ẹni tí kò bá fàmì sí awọ yóò kà á sí àwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹni tí kì í fàmì sọ́rọ̀ nìyẹn. Omi èèpo irúgbá tí àwọn ìyá alámọ̀ ń wọ́n sára ìkòkò gbígbóná ń mú un dán, àmọ́ kì í di dígí, ọ̀rọ̀ kan náà kò sì lè bá àwọn méjèèjì mu.

Ní ti ìdí abọ́ náà tí wọ́n fi ohun pupa kùn, tí àwọn tó ń kó àwo àtijọ́ jọ ń fi ṣokoléètì ṣàpèjúwe, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìdí rúsúrúsú. A ti ní ọ̀rọ̀ náà nílé tẹ́lẹ̀.