Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí butyllithium, ẹ̀rù ń bà mí o

Ọmọ Láàbù: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará. Másítàsì ni mò ń ṣe níbí ní Manchester, ọ̀gá mi ní kí n fa 40 ml butyllithium (kẹ́míkà tó lè gbiná fúnra ẹ̀ tó bá kan afẹ́fẹ́; 2.5 M ni, nínú hexane, omi kẹ́míkà tí wọ́n fi pò ó) lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nílé, inú bíkà la máa ń da gbogbo nǹkan sí, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù afẹ́fẹ́. Ẹnì kan ní láàbù ní kí n kàn fi síríńjì oníke 50 ml fà á tán lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ó dáa?

Bọ̀dá Kẹ́mísírì: Rárá o àbúrò! Má kún síríńjì kọjá nǹkan bí ìlàjì rẹ̀. Ní UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, December 2008, tert-butyllithium (ẹ̀yà butyllithium tó tún le jù) ni ọmọbìnrin kan ń fi síríńjì oníke fà, ọ̀pá ẹ̀ yọ jáde, iná ràn, súwẹ́tà ló wọ̀ láìsí láàbù kóòtù, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ ó kú. Ọmọ ọdún 23 péré.

Ìyá Ìbejì: Háà, Ọlọ́run ò! Tóò, kóòtù tí iná ò lè tètè ràn ni kó o wọ̀, kọ́tìnì lábẹ́ ẹ̀, má wọ náílọ̀n rárá. Má sì dá nìkan ṣe é o, kì í ṣe nǹkan alẹ́ Sátidé.

Bọ̀dá Kẹ́mísírì: Tó bá jẹ́ díẹ̀ lo fẹ́ fà, síríńjì gíláàsì tó ti gbẹ nínú ófúùnù ni kó o lò, abẹ́rẹ́ gígùn, kó o kọ́kọ́ fi nitrogen (gáàsì tí kì í jẹ́ kó gbiná) fọ inú ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, jẹ́ kí nitrogen rọra máa wọ inú ìgò kó o wá máa fà á jẹ́jẹ́, tó bá pé, fa nitrogen díẹ̀ sẹ́nu abẹ́rẹ́ kó o tó yọ ọ́ kúrò nínú rọ́bà ẹnu ìgò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán tó bá jáde á kan afẹ́fẹ́.

Ọmọ Láàbù: Ẹ ṣé sà. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú síríńjì ńkọ́, ṣé kí n fi omi ṣàn án?

Ìyá Ìbejì: Omi kẹ̀! Fi hexane ṣàn án ná, kó o wá rọra kán isopropanol (irú ọtí kẹ́míkà kan) sínú èyí tó o ṣàn jáde, nínú fume hood (àpótí láàbù tó ń fa èéfín jáde). Iyanrìn gbígbẹ tàbí ohun ìpaná oníyẹ̀fun gbígbẹ (dry powder) ni kó wà nítòsí, wọn kì í da omi sí iná ẹ̀.

Bọ̀dá Kẹ́mísírì: Ṣùgbọ́n 40 ml yẹn, cannula (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí nitrogen máa ń ti omi gbà láti ìgò kan sí òmíràn) ló yẹ ẹ́. Bi ọ̀gá ẹ.

Ọmọ Láàbù: Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní cannula náà la máa lò, àwọn gan-an á wá dúró tì mí lọ́jọ́ Tuesday.