"Atúnwàáṣe" kọ́ o: ẹ má yọ "sí" kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjíròrò.

Lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún iṣẹ́ "behavior analyst", ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti London ní kí á máa pe àwọn tó ń ran ọmọdé tí ìṣesí wọn le lọ́wọ́ ní "atúnwàáṣe". Àwọn kan ti kí wọn kú orí ire. Èmi ò lè kí wọn. Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo wà láti ìgbà tí mo ti jáde ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí wọra.

Ta ni ìwà rẹ̀ bàjẹ́ tí a fẹ́ tún un ṣe? Ọmọ ọdún mẹ́rin? Atọ́kọ̀ṣe ló ń tún ọkọ̀ tó dẹnu kọlẹ̀ ṣe. Ọmọ kì í ṣe ọkọ̀. Ìwà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́nu Yorùbá, òun la fi ń dá ọmọlúàbí mọ̀. Bí ẹ bá ti ní kí á tún ìwà ọmọ ṣe, ẹ ti dá a lẹ́bi kí ó tó mọ ABD, ìyá rẹ̀ á sì gbọ́ ọ pé oníwàkiwà lẹ pe ọmọ òun.

Ìṣesí ló yẹ ibẹ̀, "sí" sì ni gbogbo agbára rẹ̀. Ì-ṣe-sí. Ẹ yọ "sí", ìṣe lásán ló kù, a ò mọ ohun tí ọmọ ń ṣe é sí. (Ìhùwàsí náà ní in, mo lè fara mọ́ ìyẹn.) Bí ọmọdé bá ń gégi nínú igbó, àgbàlagbà ló máa mọ ibi tí yóò wó sí. Ibi tí yóò wó sí gan-an ni iṣẹ́ àwọn ènìyàn yìí.

Mo rí ọmọkùnrin kan ní jẹ́léósinmi kan. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti fẹ́ kọrin àárọ̀, á fi ara lulẹ̀, á bu ẹni tó bá sún mọ́ ọn jẹ. Wọ́n ti nà án títí. Ẹni tó mọṣẹ́ dé, kò fọwọ́ kan ọmọ. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó fa ìlà sínú ìwé, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó ṣe é, ohun tí ọmọ ṣe, ohun tó tẹ̀lé e. Ìgbà tí ìwé kún ló hàn pé ìlù ni. Bí wọ́n bá ti gbé ìlù jáde ni ọmọ á fọwọ́ bo etí méjèèjì, bó bá sì ti bu ẹnì kan jẹ, wọ́n á gbé e síta, ariwo á tán létí rẹ̀. Wọ́n ya ilẹ̀kùn sórí káàdì kan, wọ́n kọ́ ọ kí ó máa nà án sí àǹtí rẹ̀ bí etí bá ń ro ó. Nígbà tó yá, káàdì ló ń nà, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ìwà wo ni wọ́n tún ṣe níbẹ̀?

Èyí tó bí mi nínú jù ni ẹni tó ní àwọn baba wa ti sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ, ó ní emèrè ni. Nítorí orúkọ yẹn ni wọ́n ṣe ń fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ nílé àdúrà. Ìyá bàbá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ké tó ń jara gbà, á kọ́kọ́ kì í ní oríkì, á wá ní kí á tú aṣọ rẹ̀ wò bóyá èèrà ló wà níbẹ̀. Àgbà tí mo mọ̀ nìyẹn.

Àwọn tó ní kí á fi í sílẹ̀ ní BCBA (Board Certified Behavior Analyst, orúkọ ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí) bí Amẹ́ríkà ṣe ń pè é ńkọ́? Behavior Analyst Certification Board, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí yẹn, láti 2023 ni wọn kò sì ti gba ẹni tuntun láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mọ́, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn lónìí kò lè jẹ orúkọ yẹn.

"Awòṣesí ọmọdé" ni mo dábàá. A-wo-ìràwọ̀ di awòràwọ̀, a-wo-ìṣesí á di awòṣesí. Ohùn ìsàlẹ̀ orí "wò" yẹn, ti "ì" tí a pa jẹ ni. Ẹni tó bá ní ti "wò" fúnra rẹ̀ ni, kí ó sọ ìdí tí a fi ń pe "wo ọmọ" ní ohùn àárín. Wíwò wa kò sì mọ sí ti ojú: a ń wo aláìsàn, a ń wo ọmọ. Bàbá wa n'Ílọrin ní kí á fi "olù-" bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà dípò "a-", pé òun ló níyì, wọ́n mú olùkọ́ àti olùtọ́jú wá. Ó níyì lóòótọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ ń dá ẹjọ́ ikú lórí "a-" lásán, ẹnikẹ́ni ò fojú di í.

Ó ku "á" tó wà láàárín "atúnwàáṣe" yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí wọ́n ṣe ń fà á ní Ìjẹ̀bú nìyẹn. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí ìyá mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Ìwà, dò dò ni. Tún ìwà ṣe, túnwà ṣe. Ohùn òkè "tún" ti jókòó sórí tirẹ̀, kò sí òmíràn nínú "ìwà", kò sí nínú "ṣe". Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti mú un wá?