Yege, pegedé, àbí gbàyè?

Ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a jọ ń wá fún eré jimnásíìkì (gymnastics), mo rí i pé ẹ fẹ́ kí a máa pe ìdíje tí ikọ̀ àwọn ọkùnrin atàkìtì fi ń wá ọ̀nà dé Òlíḿpíìkì ní "ìdíje ìyege", kí a sì máa sọ pé ikọ̀ tó bá mókè ti yege. Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí.

Ìdánwò ni à ń yege. Bí ogójì ọmọ bá jókòó ṣe é, tí gbogbo wọn gba máàkì tí olùkọ́ là sílẹ̀, gbogbo ogójì ló yege, kò sí ẹni tó gba ti ẹnìkejì mọ́ ọn lọ́wọ́. Eré tí à ń wí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ méjìlá péré ni wọ́n ń mú. Fún Paris 2024, mẹ́ta ti wọlé láti ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Liverpool lọ́dún 2022: Ṣáínà, Jàpáànù àti Bìrìtéènì. Mẹ́sàn-án tó kù, ìdíje àgbáyé ti Antwerp ni wọ́n ti jà á ní 2023. Ẹni tó bá ṣe ìkẹwàá nínú àwọn tó ń du mẹ́sàn-án yẹn lè má ṣubú rárá, kó máa balẹ̀ bí ológbò láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ilé náà ni yóò gbà lọ.

Àwa tí à ń gbé Ifẹ̀ ti ń pín ọ̀rọ̀ méjèèjì níyà tipẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìdánwò àṣewọlé lọ́dún kan, máàkì rẹ̀ dára, síbẹ̀ káàdì fóònù ló ń tà ní Lágere ní gbogbo ọdún yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ pé kò yege. Ohun tí gbogbo wa sọ ni pé kò ráyè wọ yunifásítì.

Ẹ tún wo ọkọ̀ Iléṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Èrò pọ̀, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ oníkálukú, agbèrò ń pariwo "Ó ku ẹnì kan! Ó ku ẹnì kan!" Bí ẹni yẹn bá ti jókòó, ó parí. Ìyá tó dúró nílẹ̀ pẹ̀lú àpò gàrí kò jẹ̀bi nǹkan kan, owó rẹ̀ pé. Àyè ni kò rí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a pè é ní ìdíje ìgbàyè: Jámánì gbàyè, Ítálì gbàyè, Kánádà gbàyè.

Ohun tó jẹ́ kí n rọ̀ mọ́ ọn jù ni pé orílẹ̀-èdè ló ni àyè náà, kì í ṣe àwọn tó jà á gbà. Stephen Nedoroscik ti Amẹ́ríkà, onígíláàsì tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà, kò sí nínú ikọ̀ tó lọ sí Antwerp. Àwọn mìíràn ló lọ. Ní Paris, òun jókòó sí àyè tí wọ́n gbà. Mo tún fídìò rẹ̀ wò lálẹ́ àná. Nínú ohun èlò mẹ́fà, ẹṣin onídìmú (pommel horse, ohun èlò gbọọrọ tó ní ìdìmú méjì lórí) nìkan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un wá, òun ló sì ṣe kẹ́yìn. Ó jókòó, ó jókòó, ó forí ti ẹ̀yìn, ó dijú. Nígbà tó kàn án, ó bọ́ gíláàsì, ó gun ẹṣin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí po bí òòyì. Máàkì 14.866 ni wọ́n fún un, Amẹ́ríkà sì gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà, èyí tí ikọ̀ ọkùnrin wọn kò tíì rí gbà láti 2008. Ṣé a óò wá ní ó yege ní Antwerp tí kò dé? Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá fi fìlà gbàyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí àbúrò dé tó jókòó, kò sẹ́ni tí yóò bá a jà. (Àfi bí aláboyún bá wọlé. Òfin eré wọn kò mọ ìyẹn.)

Àǹtí wa kan ní gbàyè lè dà bíi kí ọmọ ilé-ìwé tọrọ àyè lọ sílé. Wọ́n rí i dáadáa, àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé e: à ń gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá, a sì ń gbàyè sí Òlíḿpíìkì. Kò lè dàrú.

Pegedé tí rédíò ń lò ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi í pamọ́ fún ẹni tí òfin gbà láyè láti díje. Ọmọkùnrin tí kò ní pé ọdún 18 nínú ọdún ìdíje kò pegedé, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ta tó.

Orúkọ eré gan-an, "ìtàkìtì" ni mo fara mọ́, nítorí "ìdárayá" ti gba bọ́ọ̀lù àti ìrìn òwúrọ̀ màámi mọ́ra. Kò kárí tán ṣá o. Lórí òrùka méjì tí wọ́n so rọ̀ sókè, ọkùnrin náà kì í ta nǹkan kan nígbà mìíràn, yóò na apá méjèèjì gbọọrọ, yóò dúró pa sójú òfuurufú fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí wọ́n má baà gé máàkì rẹ̀.

Ní ti "ẹṣin aláìlórí" tí àbúrò wa mú wá dípò ẹṣin onídìmú, mo ti rẹ́rìn-ín débi pé n kò lè takò ó mọ́.