Èsì: “Olórin àyálò” kò bá iṣẹ́ Pig Robbins mu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa pe àwọn tí wọ́n ń pè lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ láti bá akọrin lu ohun èlò ní “olórin àyálò”, torí pé “ọ̀rọ̀ àyálò” ti wà nínú gírámà. Mi ò gbà rárá. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, méjèèjì ló sì ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wọn ẹnì kan wò. Hargus Robbins, atẹdùùrù tí gbogbo Nashville, ìlú orin kántírì ní Amẹ́ríkà, ń pè ní Pig (ẹlẹ́dẹ̀), Spring City ní Tennessee ni wọ́n bí i sí ní 1938. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ọ̀bẹ bà á lójú, bó ṣe di afọ́jú nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ló ti kọ́ dùùrù, ibẹ̀ náà ló sì ti rí orúkọ: ó máa ń yọ́ gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé wọlé lọ tẹ dùùrù nígbà tí kò yẹ, yóò wá dọ̀tí bí ẹlẹ́dẹ̀. Ó tẹ dùùrù sí “White Lightning” ti akọrin kántírì George Jones, tó jáde ní 1959. Iṣẹ́ kò tún dáwọ́ dúró mọ́. Nígbà tí akọrin Bob Dylan wá ṣe àwo Blonde on Blonde ní Nashville ní 1966, òun ló wà nídìí dùùrù. Ó bá Loretta Lynn ṣiṣẹ́, ó bá Crystal Gayle ṣiṣẹ́, ó bá Kenny Rogers ṣiṣẹ́.

Ta ló wá ni orin nínú gbogbo èyí? Oní + orin ló di olórin, orúkọ ẹni tó ni orin ló sì wà lójú àwo. Robbins ṣe àwo tirẹ̀ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá kiri.

“Àyálò” ló tilẹ̀ bí mi nínú jù. Ohun tí a bá yá, ó ní ẹni tó ni ín. Ta ló ni Robbins tó wá fi í yá George Jones? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń tà. Wákàtí mẹ́ta ni ìjókòó ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Nashville, orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n sì ń retí láàárín rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olórin ló fi iye owó lélẹ̀, ìlọ́po méjì sì ni ti ẹni tó bá ṣe aṣáájú. Kò sí ìgbáradì kankan ṣáájú. Wọn a gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan, wọn a kọ nọ́ńbà tó dúró fún kọ́ọ̀dù orin náà sórí ìwé: 1, 4, 5, bí ẹni ń kọ dò, fà, sò. Neal Matthews ti ẹgbẹ́ akọrin Jordanaires ló dá ọgbọ́n náà, Charlie McCoy, eléré ìgbohùnsílẹ̀ bíi ti Robbins, ló tàn án kálẹ̀ láàárín wọn. Bí akọrin bá ní orin ga ju ohùn òun lọ, ẹnikẹ́ni kò ní tún ìwé kọ. 1 ṣì ń jẹ́ 1, ìró tí wọ́n ń pè ní 1 ni wọn a kàn sọ̀ kalẹ̀. Robbins kò sì lè fojú ka ìwé yẹn. Etí àti iyè rẹ̀ ni ó ń lò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ pè ní àyálò?

Èmi fara mọ́ “eléré àpèṣe”. A ní àpèjẹ, a ní àpèjọ. Onígángan ni bàbá mi. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá ránṣẹ́ sí wọn, “wọ́n pè mí síṣẹ́” ni wọ́n máa ń wí, n kò gbọ́ “wọ́n yá mi” lẹ́nu wọn rí. Ẹnì kan á ní oní- kan náà ló wà nínú eléré. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n eré ni iṣẹ́ ẹni náà, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí orin tilẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Àbúrò tó mú Démọ́lá Adépòjú, onígìtá Sunny Adé, wá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ẹ ṣeun. Lóòótọ́, gìtá onírin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ní Nashville ló ń ta nínú Jùjú Music ti Sunny Adé ní 1982. Àmọ́ ọmọ ẹgbẹ́ African Beats ni wọ́n, ilé wọn ni wọ́n ti ń ta á. Ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n pè.

Ó ku ẹni tó ní “agbérin” ni kí a máa pè wọ́n. Ohùn òkè yẹn sọ ọ́ di aláàárù orin. Bó bá jẹ́ gbè lẹ ní lọ́kàn, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di àárín níwájú orin: agberin. Elégbè nìyẹn, a sì ti ní in tipẹ́. Ẹ má fi ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní yunifásítì dá mi lóhùn lórí èyí, ẹ fi àpẹẹrẹ dá mi lóhùn. Kí ẹni tó bá sì ti bá àwọn eléré jùjú jókòó rí kọ ohun tí wọ́n ń pe ara wọn síbí.