Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa okùn ọ̀pá ẹ̀yìn tó fara pa?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo la wà, lọ́wọ́ Òkè-Fìà. Àbúrò mi tó ń ṣe káfíńtà já bọ́ láti orí òrùlé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kò mọ nǹkan kan lára mọ́ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, àfi àná tí mò ń fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀, tí àtàǹpàkò òsì mì pẹ́ńpẹ́. Ìyá wa bú sẹ́kún.

Dókítà ní àwọn sójà ara tó ń gbógun ti àrùn ló rọ́ lọ síbi ọgbẹ́ náà: wọ́n ń kó pàǹtírí kúrò, àmọ́ wíwú tí wọ́n ń fà tún lè ba iṣan tó ṣì yè jẹ́, ìyẹn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ tó bá já lọ́wọ́ lè hù padà ní nǹkan bíi mílímítà 1 lóòjọ́; ti ọ̀pá ẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ hù. Kí ló dé?

Èyí tó tún rú mi lójú: ẹnì kan fẹ́ ta àgbo tó ń fún sójà ara lágbára fún wa (owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré!). Ṣé kò ní dá kún wíwú náà? Síbẹ̀, ó nílò sójà ara náà, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni rọ́bà ìtọ̀ ti kó àrùn ràn án. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú rẹ̀ rí, kí ni ká ṣe?