Ceftriaxone kò ran Klebsiella inú ẹ̀jẹ̀: ṣé piperacillin-tazobactam lè rọ́pò meropenem?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà àti ẹ̀yin ará láàbù. Klebsiella pneumoniae, kòkòrò bakitéríà kan, ló hù nínú ìgò ẹ̀jẹ̀ méjèèjì tí a gbà lára aláìsàn kan. Ojú ìtọ̀ ló gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Ceftriaxone, oògùn apakòkòrò kan, kò ràn án (kò lè pa á). Díìsìkì (àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń gbé bébà oògùn sórí kòkòrò) ní piperacillin-tazobactam ràn án, meropenem náà ràn án, àmọ́ meropenem wọ́n bí ojú: gíráàmù 1 ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ.

Nínú ìwádìí MERINO tó jáde ní 2018, tó fi oògùn méjèèjì wéra fún kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí ceftriaxone kò ràn, láàárín ọjọ́ 30, ìdá 12.3 nínú 100 àwọn tó gba piperacillin-tazobactam ló kú. Ti meropenem jẹ́ 3.7 péré. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi broth microdilution (àyẹ̀wò inú omi tó ń wá ìwọ̀n oògùn tó lè dá kòkòrò dúró) tún àwọn kòkòrò náà yẹ̀ wò, àwọn kan tí wọ́n ti ní piperacillin-tazobactam ràn kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, pàápàá àwọn tó gbé OXA-1 (ẹ́ńsáímù tó ń ba agbára oògùn jẹ́). Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ẹ jọ̀ọ́, níbi tí kò ti sí ju díìsìkì lọ, ṣé ẹ̀ ń gba èsì rẹ̀ gbọ́? Bí ibà bá ti lọ, tí wọ́n ti yọ rọ́bà ìtọ̀, ọjọ́ kelòó lẹ máa ń pààrọ̀ sí ciprofloxacin oníhóró, bó bá ràn án? Ṣé ọjọ́ 7 tó, àbí 14 lẹ ṣì ń lò?