Ìdì ni o, kì í ṣe ìdí: èsì mi lórí "ìdíkẹ̀kẹ́"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń ka lẹ́tà yín, mo fẹ́ dákẹ́, àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Àkúrẹ́ ń ṣe ìwé pélébé kan fáwọn tó ń fi férémù kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó wá sílé, wọ́n wá ní ká máa pe iṣẹ́ kéèyàn di férémù sínú páálí ní "ìdíkẹ̀kẹ́". Àmì òkè ló wà lórí dí yẹn. Ibi mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo kà á, kì í ṣe àṣìkọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ẹ jù mí lọ, ẹ sì ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bí ẹ ṣe rán wa létí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìdí kẹ̀kẹ́ ni mo kà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá máa kà náà nìyẹn. Ìyá tó ń ta igi ìdáná ò jẹ́ pe ìdì igi ní ìdí igi láéláé, torí ìdí igi ni ibi tí wọ́n ti gé e, ìdì igi lèyí tó wà lórí ẹ̀ tó ń gbé lọ sọ́jà.

Ẹ ní ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kó kágò pé "ẹ bá mi dì í", pé ohùn òkè letí yín gbọ́. Òótọ́ ni, ohùn òkè wà níbẹ̀, àmọ́ arọ́pò-orúkọ ló ni ín, ọ̀rọ̀-ìṣe kọ́ ló ni ín. Dì í. Rà á. Kà á. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ló ń jẹ́ kí arọ́pò-orúkọ gbóhùn sókè bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ dí ni, "dí i" la máa gbọ́, bíi rí i, bíi kọ́ ọ. Tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá sì tẹ̀ lé dì, ohùn ẹ̀ á gòkè wá sáàárín: di ẹrù, di igi, bíi ra ẹran, bíi ka ìwé. Mo rò pé ibi tó ti yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ rí i pé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti lọ, ẹ wá fún un ní òkè. Kò sẹ́ni tó ń dí ẹrù.

Ẹ lè ní ṣé torí àmì kan ni mo ṣe ń pariwo tó báyìí. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra férémù irin kan ní Leeds níbí fún àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn. Férémù lásán ni, kò sí táyà, kò sí fọ́ọ̀kì tó ń gbá táyà iwájú mú. Ọmọkùnrin kan tó máa ń bá wa kó ẹrù wọ kòǹténà ló fẹ́ bá mi dì í. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp láìfàmì sí i, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe tá a bá ń kánjú: "Jowo ba mi di aarin ese eyin re daadaa." Dí ló wà lọ́kàn tèmi. Kó fi igi dí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, níbi tí họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn, ìyẹn àárín táyà gan-an, máa ń jókòó sí, torí tí ibẹ̀ bá ṣófo, ohun tó bá ti rọ̀gbọ̀kú lé páálí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Dì lòun kà. Ó mú okùn ọ̀rá, ó fi di àárín ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fún un, ó ta á ní kókó méjì, ó tún wá fi sẹ́lótéèpù yí i ká. Mi ò lè bínú sí i, ohun tó kà gan-an ló ṣe. Ẹrù àwọn ẹlòmíì sì jókòó lé e lórí omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà tó dé Ìbàdàn, àbúrò mi fi rúlà wọ̀n ọ́n, ibi tó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 130 ti di 117, táyà ò wọlé. Irin tó jẹ́ ló kó wa yọ, atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ní Mọ́kọ́lá rọra fà á padà títí tó fi gún. Ká ní káábọ̀nù ni, ó ti sán nìyẹn, bẹ́ẹ̀ èèyàn kì í fa alumíníọ̀mù padà bẹ́ẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, tí ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde bá pe dì ní dí, kí lẹ fẹ́ pe dí gan-an? Torí méjèèjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀kan ò lè ṣe tẹnìkejì.

Bàbá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìsẹ́yìn. Raleigh ló máa ń pọ̀ jù níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, èyí tí orúkọ ẹ̀ wá láti Raleigh Street ní Nottingham. Tí wọ́n bá fẹ́ fi férémù ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ lórí lọ́rì, túùbù ògbólógbòó ni wọ́n á kọ́kọ́ gé gbọọrọ gbọọrọ, wọ́n á máa fi wé irin náà láti ọrùn dé ìdí (ìdí tibí yìí lohùn ẹ̀ bá a mu), wọ́n á ki bébà bọ ihò tí ọ̀pá síìtì ń wọ̀ kí yanrìn má baà wọlé, wọ́n á fi họ́ọ̀bù wọn igi kan, wọ́n á gé e kó ṣe déédéé, wọ́n á há a sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n á fọwọ́ mì í wò bóyá ó ń ṣéré. Gbogbo ìyẹn, dídí ni. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n á tó na ọwọ́ sí mi pé kí n mú okùn wá. "Dí i kóo tó dì í." Bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn, mo ṣì ń gbọ́ ohùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu wọn, àwọn tí ò ka ju ìwé mẹ́ta lọ o.

Ohun tí mo fara mọ́ ni férémù dídì. Ó wà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ilé kíkọ́, aṣọ rírán, ẹrù dídì. Èyí tí wọ́n bá dì tán, ìdì ni. Ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ̀wé láti Houston ní dídì á mú káwọn èèyàn rántí omi dídì. Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ń dì, ọ̀rá ọbẹ̀ ń dì, kò sì tíì sẹ́ni tó gbọ́ ẹrù dídì kó wá lọ wá fíríìjì. Ọ̀rọ̀ tó bá a jókòó ló ń túmọ̀ ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tá a sì ti dé ọ̀dọ̀ ẹ, arákùnrin, ẹ̀kẹta nìyí tóo máa kọ kẹ́kẹ́. Kẹ́kẹ́ ilà ojú ni. Kẹ̀kẹ́ là ń gùn.

Lórí "egungun-ìpìlẹ̀-kẹ̀kẹ́" tẹ́nì kan ní ká fi rọ́pò férémù: mo fẹ́ràn kéèyàn ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì dùn lẹ́nu mi dòní torí ó sọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣe. Èyí ò sọ nǹkan kan. Ó gùn, tóhùn bá sì yẹ̀ díẹ̀, egúngún ti jáde. Férémù ni gbogbo alátùn-ún-ṣe ń pè é. Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó sì ní ká wá páálí tó tóbi dáadáa kí férémù "ráàyè mí", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyẹn sínú ìwé. Tó bá jẹ́ bàálù ló fẹ́ gbé e, kì í ṣe bó ṣe wúwo nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n máa ń ṣírò bó ṣe gbàyè tó, gígùn lọ́nà ìbú lọ́nà gíga ní sẹ̀ǹtímítà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń báni fi ẹrù ránṣẹ́ á wá fi 5,000 pín in. Páálí 100 lọ́nà 60 lọ́nà 20, kílò 24 ni wọ́n máa kà á sí, bẹ́ẹ̀ férémù inú ẹ̀ ò ju kílò méjì lọ. Tóo bá lọ gbé èyí tó jẹ́ 130 lọ́nà 75 lọ́nà 25, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di kílò 49. Férémù tó ráàyè mí nínú páálí á máa lu ara ẹ̀ káàkiri ibẹ̀ ni. Kó fún mọ́ ọn, kí fóòmù wà láàárín.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù báyìí ni igi tí wọ́n ń há sáàárín ẹsẹ̀ yẹn. Níbí, ike líle ni, ó máa ń bá férémù tuntun wá láti ilé-iṣẹ́, àwọn oníṣọ́ọ̀bù á sì dà á nù, tẹ́ ẹ bá tọrọ ẹ̀ pẹ̀lú páálí wọ́n sábà máa ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Kò lórúkọ lédè wa. Bàbá mi ò pè é ní nǹkan kan ju "igi yẹn" lọ. Ìdábùú ń wù mí, torí bó ṣe dábùú àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́ á ní ìdábùú ti níṣẹ́ míì tó ń ṣe. Ìhásáàárín ò dùn lẹ́nu. Sátidé ni mo fẹ́ di férémù mìíràn fún àbúrò mi yẹn náà, mo sì fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀ sára páálí, pẹ̀lú àmì, ẹ bá mi wá a kó tó dìgbà yẹn.

Ti Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ́nì kan tún hú jáde lálẹ́ àná, pé ta ló kọ́kọ́ pe kẹ̀kẹ́ ní ológeere, mi ò tíì dáhùn o. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.